Ààlà ni Olùkọ́: Bí A Ṣe Lè Kọ́ Ọmọ ní Bọ́ọ̀lù Láìpariwo

Ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí jẹ mọ́ eré ìdárayá, pàápàá jù lọ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. A kọ ọ́ fún àwọn olùkọ́ ilé-ìwé, fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ní abúlé, àti fún àwọn òbí tí wọ́n máa ń dúró sí etí pápá tí wọ́n ń kígbe mọ́ ọmọ wọn. Èmi tí mo ń kọ ọ́ ti wà nínú àwọn tí ń kígbe yìí rí, n ó sì sọ bí ó ti rí.

Ẹ lọ sí ẹ̀yìn ilé-ìwé èyíkéyìí ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ ó bá àwọn ọmọ tí wọ́n fi òkúta méjì méjì ṣe ojú ilé, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri. Móńkì póòsì ni wọ́n ń pe eré náà. Kò sí olùkọ́ níbẹ̀, kò sí fèrè. Ọmọ kan á gba bọ́ọ̀lù láàárín ẹni mẹ́ta, á fà á sẹ́yìn, á yọ bí ẹja, á sì gbá a wọ àárín òkúta méjì tí kò ju ìṣísẹ̀ kan lọ. Ní ọjọ́ kejì, a kó àwọn ọmọ kan náà lọ sí pápá ńlá. Olùkọ́ fun fèrè, ó ní kí wọ́n tò. A ti ri igi mẹ́wàá mọ́lẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò fi ẹsẹ̀ darí bọ́ọ̀lù yí igi wọ̀nyí ká, yóò sì padà sí ẹ̀yìn ìlà. Ọmọ tí ó ń ṣe bí onídán lánàá wá dà bí ẹni tí a fi okùn dè lẹ́sẹ̀. Bí ọjọ́ ìdíje bá sì pé, tí kò sí igi kankan lórí pápá, ọmọ tí ó mọ igi yí ká jù lọ á dúró, á máa wo ojú olùkọ́ rẹ̀.

Kí ni ó fà á? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò dáhùn pé ọmọ kò gbọ́ràn, tàbí pé ojú ń tì í. Mo ti dáhùn bẹ́ẹ̀ rí, mo sì fi ìdáhùn náà ṣe ọmọ kan léṣe.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, iṣẹ́ gbé mi lọ sí abúlé kan láàárín oko kòkó. Nítorí pé wọ́n gbọ́ pé mo gbá bọ́ọ̀lù ní ilé-ìwé gíga, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ wọn. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, bí ọmọ ọdún 11, tín-ín-rín bí igi ọgẹ̀dẹ̀ tí kò rí omi. Ẹsẹ̀ òsì ni ó ń lò, ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀ náà ni ó sì fi ń gbá bọ́ọ̀lù, tí bọ́ọ̀lù á yí bí ẹni tí ó fẹ́ ṣìnà, kí ó tó wá bọ́ sí ẹsẹ̀ ẹni tí ó ní lọ́kàn. Mo ní kí ó dẹ́kun. Mo ní ẹ̀gbẹ́ inú ni wọ́n fi kọ́ wa, ẹ̀gbẹ́ inú náà ni yóò fi gbá a. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dúró tì í, tí mo ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ibi tí mo fẹ́. Nígbà tí ó yá, ó di pé bí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀, èmi ni yóò kọ́kọ́ wò kí ó tó wo bọ́ọ̀lù. Ó fi ẹ̀gbẹ́ inú gbá a gẹ́gẹ́ bí mo ti wí, bọ́ọ̀lù kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, kò wá. Ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé bọ́ọ̀lù ti di iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ẹ̀yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ nípa bí ara ṣe ń kọ́ iṣẹ́. Ìlànà kan wà tí wọ́n ti ń ṣàlàyé fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwa yóò máa pè ní ìkọ́ni nípa ààlà. Ẹ wo odò. Kò sí ẹni tí ń kọ́ omi ní ọ̀nà tí yóò tọ̀. Bèbè wà ní ọ̀tún, bèbè wà ní òsì, òkúta wà nísàlẹ̀, ilẹ̀ sì rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Omi fúnra rẹ̀ ni ó rí ọ̀nà gbà láàárín wọn. Bí ẹ bá yí òkúta kan padà, ọ̀nà omi yóò yí padà láìjẹ́ pé ẹ bá a sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ara ọmọ ènìyàn nínú eré. Nítorí náà, ààlà tí a ń wí kì í ṣe ìdènà lásán. Ohun gbogbo tí ó ti ọ̀nà kan, tí ó sì ṣí òmíràn sílẹ̀, ààlà ni.

Ní 1986, ọ̀mọ̀wé Karl Newell pín àwọn ààlà wọ̀nyí sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan wà lára ẹni tí ń ṣeré: gíga rẹ̀, agbára rẹ̀, ẹsẹ̀ tí ó mọ̀ ọ́n lò, àárẹ̀ rẹ̀ àti ìbẹ̀rù rẹ̀. Àwọn kan wà ní àyíká rẹ̀: ilẹ̀, òjò, oòrùn, ariwo àwọn òǹwòran. Àwọn ìyókù wà nínú iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́: òfin eré, irú bọ́ọ̀lù, ìwọ̀n pápá, iye àwọn tí ń ṣeré, àti ohun tí a ń lé. Àwọn ìkẹyìn yìí ni ó wà ní ìkáwọ́ olùkọ́ jù lọ. Kò lè sọ ọmọ kúkurú di gíga. Kò sì lè dá òjò dúró, bí kò bá ṣe pé ó tún mọ iṣẹ́ mìíràn ní ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n ó lè fi ẹ̀ka igi fa ìlà tuntun sórí ilẹ̀. Ní 2008, Keith Davids, Chris Button àti Simon Bennett kọ ìwé kan lórí ọ̀ràn yìí, ìwé náà sì wà nínú èyí tí àwọn tí ń kọ́ni ní eré ìdárayá ń kà títí di òní.

Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi òòlù ṣiṣẹ́ ni ó sì ti hù. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1920, ní ìlú Moscow ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Nikolai Bernstein ń wo bí àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ ti mọ́ lára ṣe ń lu irin. Ó so iná wẹ́wẹ́ mọ́ oríkèé ọwọ́ wọn àti mọ́ òòlù, ó sì ń ya àwòrán ọ̀nà tí iná wọ̀nyí ń tọ̀. Ènìyàn yóò rò pé ọwọ́ ọ̀gá yóò máa rìn bákan náà nígbà gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òòlù ń bọ́ sí ojú ibi tí ó yẹ, ṣùgbọ́n èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ kò rìn bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí èjìká bá yà díẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ á tún un ṣe kí òòlù tó balẹ̀. Ẹ lọ jókòó ní ilé arọ alágbẹ̀dẹ abúlé yín, kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí ohun tí Bernstein rí. Ọ̀gá kì í ṣe ẹni tí ó há ìrìn ọwọ́ kan sórí. Ọ̀gá ni ẹni tí ó lè tún ojútùú wá sí ìṣòro kan náà ní gbogbo ìgbà tí ìṣòro náà bá dé, bí ó ti wù kí ó yàtọ̀ sí ti àná tó.

Ibí ni ẹ̀ṣẹ̀ àwọn igi mẹ́wàá wa ti hàn. Igi tí a rì mọ́lẹ̀ kì í na ẹsẹ̀ láti gba bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe bí ẹni pé òun ń lọ sí ọ̀tún kí ó sì yà sí òsì. Ọmọ tí ó ń yí igi ká ń kọ́ bí a ti ń yí igi ká, ohun tí ó sì yẹ kí ó kọ́ ni bí a ti ń ka ara ènìyàn: ibi tí ó gbé ìwúwo rẹ̀ sí, ẹsẹ̀ tí kò tíì lè gbé. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ilé-ìwé ti ń ka ìwé yìí láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Òkúta tí ó súnmọ́ra ni ó kọ́ wọn láti gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ gbọọrọ. Àyè tóóró ni ó kọ́ wọn láti yí padà kíákíá. Bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ ń gbé ni ó kọ́ ẹsẹ̀ wọn ní pẹ̀lẹ́.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn. Don Bradman, ọmọ Ọsirélíà tí a bí ní 1908, dàgbà ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Bowral. Eré kíríkẹ́ẹ̀tì ni eré tirẹ̀, èyí tí a fi ń fi pátákó pẹlẹbẹ gbá bọ́ọ̀lù líle. Kò ní ẹni tí yóò bá a ṣeré nílé. Ó mú ọ̀pá róbótó kan, ó mú bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kékeré, ó sì ń sọ bọ́ọ̀lù náà mọ́ ìpìlẹ̀ bíríkì tí àgbá omi ilé wọn dúró lé, kí ó lè fi ọ̀pá gbá a bí ó ti ń ta padà. Bọ́ọ̀lù náà yára, ó kéré, kò sì sí ẹni tí ó lè mọ ibi tí yóò yà sí. Nígbà tí Bradman fi eré náà sílẹ̀ lẹ́yìn 1948, ìdá àyò rẹ̀ nínú àwọn ìdíje láàárín orílẹ̀-èdè jẹ́ 99.94. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó ti ṣeré náà pẹ́ tí ó súnmọ́ ọn.

Ti Dick Fosbury, ọmọ Amẹ́ríkà, tún yàtọ̀. Láyé àtijọ́, orí iyanrìn tàbí ìyẹ̀fun pákó ni ẹni tí ó fo òkè gíga máa ń balẹ̀ sí. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀yìn balẹ̀ lè dá ara rẹ̀ lọ́rùn. Nígbà tí tìmùtìmù rírọ̀ dé, ààlà kan ti kúrò láìjẹ́ pé àwọn olùkọ́ ṣàkíyèsí. Fosbury, tí fífò bí ti àwọn yòókù kò bá lára mu, ń fi ẹ̀yìn rọ̀ sórí ọ̀pá díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di pé orí ni ó kọ́kọ́ ń kọjá, tí ẹsẹ̀ ń kẹ́yìn. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti Mexico ní 1968, ó fo mítà 2.24, ó sì gba wúrà. Lónìí, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn ọ̀gá ń fò ó. Nígbà tí mo kà nípa rẹ̀, ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ òsì ni ó wá sí mi lọ́kàn.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó tẹ̀lé e, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ìṣòro tí ó ń dun gbogbo ẹni tí ó ti kọ́ ọmọdé rí ni mo fi bẹ̀rẹ̀: gbogbo wọn a máa ṣù mọ́ bọ́ọ̀lù bí eṣinṣin tí ó rí oyin. Tẹ́lẹ̀ rí, ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n kígbe pé, “Ẹ tàn ká!” Wọn á tàn ká fún ìṣẹ́jú kan, wọn á sì tún ṣù. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi ìṣísẹ̀ wọn pápá kékeré kan, 30 ní gígùn, 20 ní ìbú. Mo pín wọn ní mẹ́rin mẹ́rin. Dípò ojú ilé kan ní ìkángun kọ̀ọ̀kan, mo fi òkúta ṣe méjì, ọ̀kan ní igun ọ̀tún, ọ̀kan ní igun òsì. N kò sọ ju pé bọ́ọ̀lù tí ó bá wọ èyíkéyìí nínú méjèèjì jẹ́ àyò kan. Ní ìrọ̀lẹ́ kìíní, wọ́n ṣì ṣù. Ní ìrọ̀lẹ́ kejì, ọmọbìnrin kan tí ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá fi àwọn yòókù sílẹ̀ ní igun ọ̀tún, ó lọ dá dúró ní òsì, ó ń pàtẹ́wọ́ pé kí wọ́n gbé e wá. Ó gbá a wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí àwọn ọ̀tá rẹ̀ tó mọ̀ pé ó yẹ kí ẹnì kan lọ ṣọ́ ọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti tàn ká, kò sì sí ẹni tí ó pàṣẹ fún wọn.

Bí mo bá dúró síbí, ẹ ó rò pé ọ̀nà náà rọrùn. Kò rọrùn. Mo fẹ́ kí wọ́n máa pín bọ́ọ̀lù fún ara wọn, nítorí náà mo ṣe òfin pé ẹni mẹ́ta gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n fẹsẹ̀ kàn án, kí wọ́n tó lè gbá a wọlé. Ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ ṣe. Àwọn mẹ́ta dúró súnmọ́ra, wọ́n ń ta bọ́ọ̀lù tẹ́, tẹ́, tẹ́, bí àwọn tí ń gún iyán nínú odó kan; ẹni kẹta á sì gbá a lọ. Wọ́n pa òfin mi mọ́, wọ́n sì ba eré jẹ́. Inú bí mi. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé wọ́n ti dáhùn ìbéèrè tí mo bi wọ́n gan-an. Ìbéèrè náà ni kò dára. Mo pa òfin náà rẹ́. Mo fa ìlà sí àárín pápá, mo ní bọ́ọ̀lù tí ẹnì kan bá gbá sọdá ìlà fún ẹlòmíràn, tí ó sì di àyò, àyò mẹ́ta ni a ó kà á sí. Èyí tí ó bá wọlé lọ́nà mìíràn, ọ̀kan. N kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé orí sókè kí wọ́n tó gbá a, nítorí pé èrè wà fún ẹni tí ó bá rí ọ̀nà jíjìn.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tó yí ohunkóhun padà, kí ó kọ́kọ́ dúró kí ó wo eré, kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè pé: kí ni àwọn ọmọ wọ̀nyí kò tíì rí? Kí ó yí ẹyọ ohun kan padà, kí ó sì fún un ní àyè. Olùkọ́ tí ó ń yí òfin padà ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún kò yàtọ̀ sí èyí tí ń kígbe. Bí ọmọ kan bá lágbára ju àwọn yòókù lọ, tí ó ń gbá gbogbo rẹ̀ wọlé, ẹ mú ẹnì kan kúrò ní apá tirẹ̀, kí ó wá ọ̀nà láàárín ọ̀tá tí ó pọ̀. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di ìyà fún un.

Bàbá àgbà kan tí mo ṣàlàyé èyí fún ní ilé ìkàwé kan bi mí pé, “Ṣé ẹ wá ní kí olùkọ́ káwọ́ gbera, kí àwọn ọmọ máa kọ́ ara wọn ni?” Rárá o, Baba. Iṣẹ́ olùkọ́ pọ̀ sí i ni. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó sinmi. Àwọn onímọ̀ pàápàá kò tíì fẹnu kò lórí ìgbà tí ó yẹ kí olùkọ́ sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́. Ní tèmi, ohun tí ó bá lè ṣe ọmọ ní jàǹbá, ẹ sọ ọ́ fún un ní gbangba. A kì í fi ọ̀kọ̀ jíjù sílẹ̀ fún ọmọ pé kí ó fúnra rẹ̀ wá ojútùú sí i, a kì í sì í fi odò jíjìn sílẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n tún kù. Ojú ilé àwọn àgbàlagbà fẹ̀ ní mítà 7.32, ó sì ga ní mítà 2.44. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ó bá ṣọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè fi ọwọ́ kan ọ̀pá òkè, bí ó ti wù kí ó fò tó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sì kọ́ pé kí a sá gbá a sókè ni, yóò wọlé. Nítorí irú èyí ni ẹgbẹ́ tí ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi dìbò ní 2012 pé kí àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ máa gbá a ní ẹni márùn-ún sí márùn-ún, kí àwọn tí kò tíì pé mẹ́wàá máa gbá a ní méje sí méje, kí àwọn tí kò tíì pé 12 sì máa gbá a ní mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án, lórí pápá tí ó bá wọn mu. Ní Uruguay, láti 1930 ni Juan Carlos Ceriani ti dá eré ẹlẹ́ni márùn-ún sílẹ̀ ní Montevideo. Àwa kò nílò owó láti ṣe bẹ́ẹ̀. Òkúta mẹ́jọ, ẹ̀ka igi láti fi fa ìlà, àti bọ́ọ̀lù kan ti tó.

Ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ òsì náà padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Etí pápá ni ó kọ́kọ́ dúró sí. Nígbà tí wọ́n pè é wọlé, ó bá ara rẹ̀ ní igun tí ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀ òsì nìkan lè dé ojú ilé, ó sì lò ó. Ó wò mí. Mo yí ojú sí ibòmíràn. Kò di gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù o. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó ń kọ́ báyìí, ó sì ń gbá a ní ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dán an wò, ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù gidi láìsí òfin àrà ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó lọ ilé. Bí òjò bá rọ̀ tí pápá rọ̀, ẹ má ṣe lé wọn wọlé. Bọ́ọ̀lù á wúwo, ilẹ̀ á máa yọ̀, wọn á sì ní ìṣòro tuntun láti yanjú. Àyàfi bí àrá bá ń sán: nígbà náà, kí gbogbo wọn sá wọ abẹ́ òrùlé kíákíá.